Bí a ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà ńlá ṣeé pín láì rí ohun tí ó pín in

Bí a bá kọ 2 sílẹ̀ nígbà 67, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ papọ̀, tí a sì yọ 1 kúrò, èsì rẹ̀, tí a ń kọ ní 2⁶⁷ − 1, ni 147,573,952,589,676,412,927. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé, kà á mọ́ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn tí nǹkan kan kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Àṣìṣe ni. Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi èyí hàn ní 1876, síbẹ̀ kò dárúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó pín in.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣiyè méjì, tí wọ́n á ní ẹni tí ó bá sọ pé nọ́ńbà kan ṣeé pín gbọ́dọ̀ mú ohun tí ó pín in jáde. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń bo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fi ìka kan ìkòkò, tí ó sì gbọ́ bí ó ṣe dún, ti mọ̀ pé ó ti sán kí ó tó wá ojú ibi tí ó ti sán.

Ọ̀nà Lucas, gẹ́gẹ́ bí Derrick Lehmer, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ṣe tún un ṣe ní 1930, bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. A ó fi 4 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó yọ 2, a ó fi nọ́ńbà tí a ń dán wò pín èyí tí a rí, ìyókù nìkan ni a ó sì gbé lọ sí ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Gbígbé ìyókù nìkan yìí ni ọgbọ́n ibẹ̀, nítorí láìsí i, gígùn àwọn nọ́ńbà náà yóò máa di ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tí ìwé kankan kò fi ní gbà wọ́n. Fún 31, tí í ṣe 2⁵ − 1, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni, ìyẹn 5 dín 2: 4 di 14, 14 di 194, tí ìyókù rẹ̀ jẹ́ 8, 8 di 62, tí 31 pín láìṣẹ́kù. Òdo yẹn ni ẹ̀rí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 31. Fún 2047, tí í ṣe 2¹¹ − 1, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án parí sí 1736. Kì í ṣe òdo, nítorí náà 2047 ṣeé pín, bẹ́ẹ̀ ni 1736 kò sọ ohunkóhun fún wa nípa 23 àti 89 tí ó pín in.

Ìgbésẹ̀ 65 ni 2⁶⁷ − 1 ń fẹ́ lọ́nà yìí. Wíwá ohun tí ó pín in jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Òótọ́ ni pé ohunkóhun tí yóò pín in gbọ́dọ̀ fi 1 ju ìlọ́po 134 kan lọ, èyí tí ó dín wàhálà kù gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan yóò dán 1,445,579 wò kí ó tó kan èyí tí ó kéré jù. Ọdún 27 kọjá lẹ́yìn Lucas kí Frank Nelson Cole ní Amẹ́ríkà tó mú àwọn méjèèjì jáde: 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí kò tíì dí. 2¹²⁷⁷ − 1 ní dígíìtì 385. Ó dájú pé ó ṣeé pín, kò sì sí ẹni tí ó tíì rí nọ́ńbà kan tí ó pín in.