Next of kin kọ́ ni àrólé

Àyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù báǹkì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i: next of kin. Bàbá kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, ìyàwó kò mọ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Ọjọ́ tí bàbá papò dà, àbúrò gbé ìwé ẹ̀rí ikú dání, ó dúró níwájú òṣìṣẹ́ báǹkì, ó ní owó òun lòun wá gbà.

Kò ní owó kankan níbẹ̀. Nílẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ pè bí nǹkan bá ṣe oníǹkan ni báǹkì ń béèrè. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́, síbẹ̀ àṣìṣe yìí ṣì ń tú ẹbí ká. Ó dunni, torí gbólóhùn kan péré lórí fọ́ọ̀mù yẹn ì bá ti là á yé wọn.

Ẹ fi wé àgbò Iléyá. Ẹni tí a pè pé kó wá bá wa di ẹsẹ̀ àgbò mú kọ́ ló ni ẹran. Bí ẹran bá tiẹ̀ kàn án, torí pé ó jẹ́ ọmọ ilé ni. Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, ẹni tó di ọ̀bẹ mú ni kí a máa wò. Ọ́fíìsì Probate, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún olóògbé ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, ló ń fa ọ̀bẹ náà léni lọ́wọ́. Letters of administration lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ láti kó ohun ìní olóògbé jọ kí a sì pín in. Ẹni tó bá ń fi káàdì ATM olóògbé gbowó kí ìwé yìí tó jáde ń gé ẹran láìgbàṣẹ, òfin sì lè mú un.

Kí ọ̀bẹ tó tẹni lọ́wọ́, wọ́n á ka ohun tí olóògbé ní sílẹ̀, báǹkì á kọ iye tó wà nínú àkáǹtì. Wọ́n á wá kéde nínú ìwé ìròyìn: ẹni tí okùn rẹ̀ bá wà lọ́rùn àgbò yìí, kó wí. Ní Èkó, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn oníduró: bí ọlọ́bẹ bá gbé itan sá lọ, àwọn ni yóò san án. Bí ọmọdé bá wà lára àwọn tí ogún kàn, ọlọ́bẹ kò gbọdọ̀ dín ní méjì. Ọgbọ́n ńlá ni, torí kò fi ọmọ òrukàn sílẹ̀ fún ojú àánú ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ opó tí kò mọ olówó kankan, ibo ni yóò ti rí oníduró?

Ta wá ló ni ẹran? Nínú àṣà Yorùbá, àwọn ọmọ ni. Opó kì í jogún ọkọ. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti òfin kọ̀ọ̀tù, òfin Èkó fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ ní ìdá méjì. Ní ti àṣà, ẹjọ́ Suberu Dawodu ni gbogbo lọ́yà mọ̀. Ó kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ kò fara mọ́ ìdí-igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyàwó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ àṣekágbá fún Nàìjíríà nígbà náà, sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ààrò mẹ́rin, ìpín mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo nídìí ààrò kan á gba odindi ìdá mẹ́rin kan, àwọn mẹ́ta nídìí ààrò mìíràn á pín tiwọn láàárín ara wọn. Orí-òjorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba iye kan náà, wà fún ìgbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí olórí ẹbí sì rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìhágún ni bàbá fi ń yan ọlọ́bẹ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá ń buwọ́ lù ú. Ọmọ tó fẹ́ fún nílé ni ọ̀pọ̀ bàbá máa ń pè kó wá ṣẹlẹ́rìí. Ìwé náà á dúró, àmọ́ ilé á bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, torí ẹlẹ́rìí àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò lè gba ohunkóhun nínú ìwé tó fọwọ́ sí.