Oko tó tún di ilé ẹranko: kí ni rewilding lọ́wọ́ àgbẹ̀?

Rewilding ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ àyíká fún iṣẹ́ kan: kí a dá ilẹ̀ tí ènìyàn ti lò gbó padà fún igi, koríko, omi àti ẹranko, kí wọ́n lè máa tún ara wọn ṣe láìjẹ́ pé ènìyàn ń darí gbogbo rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ láàárín wọn ní Amẹ́ríkà. Igbó ńlá àti ẹranko tó ń pa ẹran jẹ ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà, irú àwọn ìkookò tí ìjọba kó padà sí ọgbà Yellowstone ní 1995. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àgbẹ̀ gan-an ni ọ̀tá: òun ló gé igbó, òun ló gbẹ omi irà, òun ló da oògùn sí koríko.

Nǹkan ti yí padà. Irú rewilding kan wà báyìí tó jẹ́ pé inú oko ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹran ọ̀sìn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin ń rìn káàkiri lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ ọgbà tó pín in sí wẹ́wẹ́ kúrò. Ẹyẹ àti labalábá tó ti sá lọ ń padà wá, àgbẹ̀ sì ṣì ń rí ẹran tà. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n rò pé kí àgbẹ̀ kàn gbé ọkọ́ kọ́ kó sì máa wòran ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Oko tí gbogbo ayé mọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Knepp, ní West Sussex ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tó éékà 3,500. Charlie Burrell ló jogún rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Isabella Tree, ni wọ́n sì jọ ń bójú tó o. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ ní ìgbà òtútù, á di ẹrẹ̀ tí katakata ò lè wọ̀. Tí oòrùn bá ràn, á le, á sì sán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbin àlìkámà síbẹ̀, tí wọ́n sì ń sin màlúù oníwàrà. Wọ́n ra ẹ̀rọ tó tóbi, wọ́n da ajílẹ̀ àti oògùn sí i, síbẹ̀ owó tó ń wọlé kò tó owó tó ń jáde. Ní ọdún 2000, wọ́n ta màlúù wàrà, wọ́n ta ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì kó oríṣi ẹran àtijọ́ wọ̀ ọ́: màlúù longhorn, ẹlẹ́dẹ̀ Tamworth, ẹṣin kéékèèké ti Exmoor, àti àgbọ̀nrín. Wọn kì í gbé oúnjẹ fún wọn. Ohun tí ẹran bá rí lórí ilẹ̀ ló ń jẹ, lójò lẹ́ẹ̀rùn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹran ni wọ́n kó wọlé? Ṣé wọn ò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó fúnra rẹ̀ ni? Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tí kò sí ẹran ńlá lórí rẹ̀ ní irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, igi á dí i pa bí ọdún ti ń gorí ọdún, òjìji á bo ilẹ̀, òdòdó àti koríko tó nílò oòrùn á sì kú. Bí ẹran bá sì pọ̀ jù, koríko kúkúrú nìkan ni yóò kù. Láàárín méjèèjì ni ọrọ̀ wà: pápá díẹ̀, igbó ẹ̀gún díẹ̀, igi ńlá níbí, omi lọ́hùn-ún, tí ọ̀kan ń wọnú ìkejì. Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá màlúù àti ẹṣin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù. Wọ́n ti run. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn màlúù igbó náà, tí wọ́n ń pè ní aurochs, kú ní Poland ní 1627. Àmọ́ màlúù tí a ń sìn lónìí, inú wọn ló ti wá, ó sì ṣì mọ bí wọ́n ti ń fa koríko tu, bí wọ́n ti ń ya ẹ̀ka, bí wọ́n ti ń gbé èso lọ sí ibòmíràn nínú ikùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹlẹ́dẹ̀ dáadáa, nítorí òun ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fi imú tú ilẹ̀ kó lè rí gbòǹgbò àti ekòló jẹ. Lójú àgbẹ̀ tó fẹ́ pápá tó tẹ́jú, ìbàjẹ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn igi wílò fúyẹ́, ó ní òwú lára tí atẹ́gùn fi ń gbé e kiri, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í gùn. Bí kò bá tètè bọ́ sórí ilẹ̀ tútù tó ṣí sílẹ̀, ó kú nìyẹn. Koríko tó bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kó fara kan erùpẹ̀. Ojú ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ tú yẹn gan-an ló ń hù sí. Ní Knepp, igi wílò hù rẹpẹtẹ. Labalábá kan sì wà tó ń jẹ́ purple emperor, tí ìyẹ́ akọ rẹ̀ ń kọ mànà bí aṣọ elésè àlùkò. Nígbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò tó ń rákò, ewé wílò ló ń jẹ. Ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, Knepp ló ní èyí tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo Bìrìtìkó. Kò sí ẹni tó gbìn wílò fún un, kò sì sí ẹni tó kó o wá.

Imí màlúù náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lórí oko tí wọ́n ti ń fún ẹran ní oògùn aràn bí ivermectin déédéé, oògùn yẹn ń bá imí jáde, ó sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ yímíyímí tó bá wà nínú irú imí bẹ́ẹ̀ lè kú, tàbí kó má dàgbà bó ṣe yẹ. Imí á gbẹ sórí koríko, kò ní wọlẹ̀. Níbi tí kò sí oògùn, yímíyímí á dé kíá. Àwọn kan ń gbé inú imí náà; àwọn mìíràn ń gbẹ́ ihò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ fún ọmọ wọn. Ihò yẹn ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀, ibẹ̀ ni ajílẹ̀ ti ń dé ìdí gbòǹgbò láìná kọ́bọ̀. Àdán àti ẹyẹ sì ń jẹ yímíyímí. Wọ́n ti ka oríṣi yímíyímí 23 nínú imí màlúù kan ṣoṣo ní Knepp. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe lọ́la láìyọ ọgbà kankan, ohun tí màá sọ ni pé kó má fún gbogbo ẹran lóògùn aràn bí àṣà. Kó ní kí dókítà ẹran yẹ imí wò, kó sì tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ ò yá.

Igbó ẹ̀gún náà wà, tí gbogbo àgbẹ̀ kórìíra. Ọmọ igi óákù tó bá hù ní gbangba, ẹran á jẹ ẹ́ kó tó ga. Èyí tó bá hù láàárín ẹ̀gún, ẹ̀gún ni ọgbà rẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi máa yọ. Ẹyẹ tó ń jẹ́ jay ló sì ń ri èso óákù mọ́lẹ̀ káàkiri, tó sì ń gbàgbé òmíràn síbẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù ni ti iye ẹran. Ẹran tó bá ní koríko á bímọ, ọmọ náà á bímọ. Nínú igbó tó pé, ìkookò àti irú rẹ̀ ló ń dín wọn kù. Kò sí ìkookò lórí oko. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Netherlands, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Oostvaardersplassen, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi ní 1968. Láti 1983 ni wọ́n ti ń kó màlúù, ẹṣin àti àgbọ̀nrín síbẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé bí ẹran igbó. Ọgbà yí wọn ká, wọn ò lè ṣí lọ síbi tí koríko wà. Kò sí ìkookò, wọn kì í sì í kó wọn lọ fún ẹran jíjẹ. Ní ìgbà òtútù 2017 sí 2018, oúnjẹ tán. Ẹran tó lé ní 3,000 ló kú, àwọn aṣọ́gbó ló yìnbọn pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ebi má bàa jẹ wọ́n pa. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé wọ́n ń ju koríko gbígbẹ sí wọn lórí ọgbà. Lọ́dún náà ni àwọn aláṣẹ pinnu pé iye ẹran ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù gan-an.

Èmi ò gbà pé bí nǹkan ti ń rí nínú igbó gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sé ẹran mọ́ inú ọgbà ti gba ojúṣe lọ́rùn, bó ti wù kí ọgbà náà fẹ̀ tó. Ibí yìí sì ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wúlò fún rewilding: àgbẹ̀ ló gba iṣẹ́ ìkookò ṣe. Lọ́dọọdún, kí ìgbà òtútù tó wọlé, á ka ẹran rẹ̀, á wo bí koríko ti pọ̀ tó, á sì mú èyí tó lé lọ fún pípa. Knepp ń rí nǹkan bí tọ́ọ̀nù 75 ẹran lọ́dún báyìí, tí a bá wọ̀n wọ́n láàyè. Ẹran náà ni owó, òun náà ni òṣùwọ̀n tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣá.

Omi náà wà nínú rẹ̀. Páìpù àti kòtò tí àwọn àgbẹ̀ ìṣáájú fi ń fa omi kúrò lóko ni wọ́n ń dí pa, kí odò lè tún máa yí, kí irà sì padà. Níbòmíràn, beaver, ẹranko tó ń gé igi dí odò, ló ń bá wọn ṣe é: ìdènà rẹ̀ ń jẹ́ kí omi rọra lọ, ìyẹn sì ń dín àgbàrá kù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Gbogbo èyí dára fún ilẹ̀ amọ̀ tí kò mérè wá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, tó ń gbin ohun tí ènìyàn ń jẹ lójoojúmọ́ ńkọ́? Kò pọn dandan kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní Iowa ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi ìdá 10 nínú 100 oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà sílẹ̀, wọ́n gbin koríko àti òdòdó ìbílẹ̀ sí i ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ la oko kọjá. Kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kiri di ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, oríṣi ẹyẹ ìbílẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì, erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbá lọ sì dín kù lọ́nà tó pọ̀ gan-an. Irè oko lórí ilẹ̀ tó kù kò yàtọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Niger, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti Australia, rí i ní àwọn ọdún 1980 pé ohun tí òun rò pé ó jẹ́ igbó wẹ́wẹ́ nínú oko, kùkùté igi tó ṣì wà láàyè ni. Ọdọọdún ni àwọn àgbẹ̀ ń gé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan ẹ̀ka díẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n sì dá àwọn yẹn sí. Òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀ sọ pé ìjọba ló ni igi, nítorí náà kò sí àgbẹ̀ tó rí ìdí tí òun fi máa tọ́jú rẹ̀. Bí ìyẹn ti ń rọ̀, tí àgbẹ̀ mọ̀ pé igi inú oko òun ti di tòun, iṣẹ́ náà ràn: ó ti kan nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Igi kan tó ń jẹ́ gao wà nínú wọn, ìgbà òjò ló ń wọ́wé, kì í ṣíji bo ọkà tó ń dàgbà.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù tí mo mọ̀ lòdì sí gbogbo èyí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ló ń sàn fún bí a bá mú oúnjẹ tó pọ̀ jáde lórí ilẹ̀ díẹ̀, kí a lè fi ìyókù sílẹ̀ pátápátá. Bí oko kan ò bá mú oúnjẹ jáde mọ́, wọ́n á gé igbó mìíràn níbòmíràn kí ọjà lè kún. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé a kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀nà Knepp lọ sórí ilẹ̀ tó dára jù. Ilẹ̀ amọ̀, ilẹ̀ òkè, etí odò tí omi ń kún bò, ibẹ̀ ló yẹ fún. Ilẹ̀ ọlọ́ràá, tẹ́ẹ́rẹ́ koríko àti igi ààlà ló yẹ ẹ́.

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá a jà. Ní Knepp, àwọn ará àdúgbò ṣàròyé gidigidi nígbà tí òṣùṣú àti ragwort, ewéko kan tó ní májèlé, bo pápá. Ti òṣùṣú yanjú fúnra rẹ̀ ní 2009, ọdún tí labalábá painted lady ya wọ ilẹ̀ náà lọ́pọ̀ yanturu, tí ọmọ wọn sì jẹ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ragwort kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹṣin àti màlúù jẹ́, pàápàá tó bá wọnú koríko gbígbẹ tí wọn ò ti lè dá a mọ̀. Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka èyí tó bá wà láàárín mítà 50 sí ibi tí ẹran ń jẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń gé koríko sí ewu ńlá. Etí ààlà yẹn ni kí àgbẹ̀ máa tu lọ́dọọdún.