Guy Lewis, Hakeem àti ife tí kò dé Houston: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta tiẹ̀ ni Guy Lewis, kí ló sì kan àwa nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Hakeem Ọlájuwọ́n ló kàn wá níbẹ̀. Kí gbogbo ayé tó mọ ọmọ Èkó yìí, Guy Lewis ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbà á sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Lewis fi wà nídìí iṣẹ́ náà, láti 1956 títí di 1986. Eré 592 ló ti jáwé olúborí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ìpele tó máa ń ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Ṣùgbọ́n kò gba ife náà rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé ará Houston kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹ kàn dárúkọ 1983 fún un, kí ẹ sì wá àga jókòó sí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1983 tí wọn ò yé sọ?

Ẹgbẹ́ Houston ọdún náà ń bani lẹ́rù. Hakeem wà níbẹ̀, Clyde Drexler wà níbẹ̀, Michael Young àti Larry Micheaux náà wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí kò lè fò nínú wọn. Dípò kí wọ́n dúró lókèèrè máa ju bọ́ọ̀lù, ńṣe ni wọ́n máa ń fò sókè lọ ti bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní dọ́ǹkì. Oníròyìn kan ní Houston fún wọn lórúkọ ẹ̀fẹ̀, Phi Slama Jama, bí ẹni pé ẹgbẹ́ awo akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n fi máa dé àṣekágbá, eré 26 ni wọ́n ti borí léraléra. Nínú èyí tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n na Louisville ní 94 sí 81. Hakeem nìkan gba àmì ayò 21 wọlé, ó sì já bọ́ọ̀lù 22 gbà bí ó ṣe ń ta padà lára irin.

Yunifásítì North Carolina State (NC State) ni wọ́n wá bá pàdé ní April 4, nílùú Albuquerque. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti nà nígbà mẹ́wàá lọ́dún yẹn ni, kò sì sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn á kàn di bọ́ọ̀lù mú ni, pé àwọn ò ní í bá Houston sáré. Ẹ̀tàn ni. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọjú ìjà sí Houston, nígbà tí wọ́n sì fi máa lọ fún ìsinmi, 33 sí 25 ni, NC State ló wà níwájú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Houston jí. Wọ́n gba ayò 17 wọlé kí NC State tó gba méjì péré, ó sì di 42 sí 35. Ibi yìí gan-an ni Lewis ti ṣe ohun tí wọ́n ń bá a jà lé lórí títí di òní. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ rọra, kí wọ́n máa ta bọ́ọ̀lù síra wọn yí ká, kí àkókò máa lọ. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, 52 sí 46 ni, Houston ṣì wà níwájú. Wọn ò rí ayò kan gbà wọlé mọ́ láti ìgbà náà. NC State lé wọn bá ní 52. Nígbà tí àkókò ń tán lọ, Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi irin pàápàá, àmọ́ Lorenzo Charles ti dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó hán an lókè, ó ti bọ́ọ̀lù náà bọ inú àwọ̀n, eré parí. 54 sí 52. Fídíò Valvano tó ń sá kiri pápá, tó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́, wọ́n ṣì ń fi hàn lọ́dọọdún.

Ṣé rírọra yẹn ló pa Houston?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà nìyẹn. Wọ́n ní ẹṣin tó ń sáré ni Lewis fa ìjánu rẹ̀, pé ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé eré sísá àti fífò ni agbára rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n ní kó máa rìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Èmi ò gbà á tán.

Ẹ rántí pé nígbà yẹn, kò sí aago kankan nínú eré àwọn yunifásítì tó ń fipá mú ẹgbẹ́ láti ju bọ́ọ̀lù. Sáà 1985 sí 1986 ni wọ́n tó fi òfin náà lélẹ̀ fún gbogbo wọn, ìṣẹ́jú àáyá 45 ni wọ́n sì fún wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá wà níwájú lè gbé bọ́ọ̀lù rìn títí tó fi wù ú, kò sì sí akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi kan tí kò mọ ọgbọ́n yìí. Èkejì, orí òkè ni Albuquerque wà. Pápá tí wọ́n ti gbá a ga ju mítà 1,500 lọ sí ojú òkun, Jos gan-an kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wá láti Houston, ìlú tó tẹ́jú tó sì sún mọ́ òkun bí Èkó, tí wọ́n ti sáré gba ayò 17 lẹ́ẹ̀kan náà, èémí wọn kò lè tó. Ó ti rẹ Hakeem. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n náà, ẹni tó dúró tì ni ó máa ń mọ̀ ọ́n ta jù.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, kí wá ni àṣìṣe Lewis tó burú jù?

Méjì ni, ìkan sì jinlẹ̀ ju ìkejì lọ.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ Drexler. Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti yunifásítì, ẹni tó bá ti ṣe fáwùlù márùn-ún, ó di ìjókòó. Drexler ti ní mẹ́ta kí ìsinmi tó dé. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá á ti pè é jáde kíákíá, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de apá kejì. Lewis fi í sílẹ̀. Terry Gannon, agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní NC State, lọ dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, Drexler kọ lù ú, ó di mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ẹni tó yẹ kó máa fò wá di ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Ayò mẹ́rin péré ló gbà wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú Lewis ṣe ìyẹn.

Èkejì ti pẹ́ kí wọ́n tó dé Albuquerque. Bí wọ́n bá ṣe fáwùlù sí yín, wọ́n lè ní kí ẹ dúró lójú ìlà, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó ń dí yín lọ́wọ́. Ìdánrawò lásán ló gbà. Houston kò mọ̀ ọ́n jù, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Nínú 19 tí wọ́n jù ní àṣekágbá náà, 10 péré ló wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa di bọ́ọ̀lù mú, fáwùlù ni alátakò máa fi gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di dandan kó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lójú ìlà. Valvano mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ṣe fáwùlù. Nígbà tó di 52 sí 52, Alvin Franklin ni wọ́n ṣe é sí, ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì. Bí òfin ìgbà náà ṣe rí, bí ti àkọ́kọ́ kò bá wọlé, kò sí ìkejì. Ti àkọ́kọ́ kò wọlé.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, rírọra kọ́ ni àṣìṣe. Rírọra pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù jù lójú ìlà ni. Àwọn tó ń bínú sí Lewis kò ṣìnà, ibi tí wọ́n na ìka sí ni kò tọ́ díẹ̀.

Ìpinnu rẹ̀ wo ló dára jù?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá á ní Hakeem ni. Mo mọ̀ pé wọ́n á bú mi, ṣùgbọ́n èmi á mú 1964.

Lọ́dún náà, Lewis lọ mú ọmọkùnrin méjì wá láti Louisiana, Elvin Hayes àti Don Chaney. Àwọn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Yunifásítì Houston. Ẹ má gbàgbé pé gúúsù Amẹ́ríkà là ń sọ, níbi tí àwọn yunifásítì ńlá ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ká ní Lewis bá àwọn yòókù dúró, kò sí ohun tó tẹ̀ lé e, títí kan Drexler àti Hakeem.

Hayes yìí ló fi ṣe ìpinnu kejì tí mo fẹ́ràn. Ní January 20, 1968, Lewis mú kí eré Houston àti UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, wáyé nínú Astrodome, pápá ìṣeré alórùlé tí wọ́n kọ́ fún bọ́ọ̀lù onígi. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú; wọ́n ní ta ló máa wá wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n níbi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kódà, láti Los Angeles ni wọ́n ti kó pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ wá. Èèyàn 52,693 ló wọlé, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà lálẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí sí irú eré bẹ́ẹ̀. UCLA ti borí léraléra nígbà 47. Hayes gba ayò 39 wọlé, Houston sì borí ní 71 sí 69. Jíjù méjì tí Hayes jù lójú ìlà nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 28 ló parí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ìlà kan náà. (Ká sọ òótọ́, ojú ń dun Lew Alcindor ti UCLA lọ́jọ́ náà, ẹni tó padà di Kareem Abdul-Jabbar. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní March, UCLA fi 101 sí 69 dá Houston lóhùn.)

Ti Hakeem wá ńkọ́? Ṣé Lewis ló rí i ni, àbí orí ló bá a ṣe é?

Orí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1980, Hakeem kì í ṣe ẹni tí àwọn yunifásítì ń lé kiri. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àti iṣẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ti ń ṣe l'Ékòó kó tó bọ́ sídìí alájùsáwọ̀n. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tó bà sí Houston, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ẹni tó fẹ́ yìn Lewis fún ọgbọ́n orí, kó fo ìyẹn o.

Ohun tó tọ́ sí Lewis ni sùúrù. Ó jẹ́ kí ọmọ náà lo ọdún àkọ́kọ́ láì gbá eré kankan. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, Hakeem máa ń lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá Fonde nínú ìlú, níbi tí Moses Malone, ògbóǹtarìgì nínú NBA, líìgì àwọn tó ń fi eré náà jẹun ní Amẹ́ríkà, nígbà náà, ti máa ń bá a fà á. Malone kọ́ ọ ní ohun tí Lewis kò lè kọ́ ọ. Síbẹ̀, ní 1983 tí Houston pàdánù yẹn, Hakeem ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin náà. Láti ìgbà náà, wọn ò tíì yan ẹlòmíràn láti inú ẹgbẹ́ tí kò gba ife.

1984 ńkọ́?

Wọ́n tún dé àṣekágbá, Drexler ti lọ, Georgetown ti Patrick Ewing na wọ́n ní 84 sí 75. Àríyànjiyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Georgetown dára jù wọ́n lọ.

Ṣé àìgba ife yẹn tiẹ̀ ṣàkóbá fún un?

Ó ṣàkóbá fún un gan-an. Lewis fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1986, ṣùgbọ́n 2013 ni wọ́n tó gbà á sí gbọ̀ngàn àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Naismith. Ẹni ọdún 91 ni nígbà yẹn, ó sì kú lọ́dún méjì lẹ́yìn náà. Hayes ti wọbẹ̀ ní 1990, Drexler ní 2004, Hakeem ní 2008.