Epo tó dà ní Deepwater Horizon: ẹ̀bi ta ni, kí sì ni ìjọba rí ṣe sí i?

Kí ló ṣẹlẹ̀, ní ṣókí?

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, gáàsì ru sókè látinú kànga epo Macondo nínú Gulf of Mexico, iná sì sọ lórí Deepwater Horizon, rig tó ń gbẹ́ kànga náà, ní nǹkan bíi kìlómítà 66 sí etíkun Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ 11 kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 22, rig ti rì. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 1,500. Ọjọ́ 87 ni epo rọ̀bì fi tú sínú òkun kí wọ́n tó rí ẹnu kànga dé. Iléeṣẹ́ epo BP ló ni ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún kànga náà, òun ló sì ń pàṣẹ. Transocean ló ni rig. Halliburton ló ṣe sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí ìsàlẹ̀ kànga.

Àwọn kan ń bú Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn mìíràn ń bú Bush tó jẹ ṣáájú rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi nínú wọn?

Kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a ṣe. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2010 ni Obama kéde pé òun fẹ́ ṣí apá òkun mìíràn sílẹ̀ fún wíwá epo. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ló tún sọ pé àwọn rig òde òní kì í sábà da epo nù. Kò pé ogúnjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí tí rig gbiná.

Àmọ́ lábẹ́ Bush ni ìwádìí ọdún 2008 ti tú àṣírí pé àwọn òṣìṣẹ́ Minerals Management Service, MMS, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ epo lórí òkun, ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ epo. Láti 1982 sì ni àjọ náà ti wà. Ààrẹ ẹgbẹ́ méjèèjì ló bá a nílẹ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Bob Graham ti ẹgbẹ́ Democrat àti William Reilly ti ẹgbẹ́ Republican jọ darí sọ ní oṣù Kìíní 2011 pé ìkùnà náà kọjá ti iléeṣẹ́ kan tàbí ìjọba kan ṣoṣo.

Kí wá ni MMS ṣe, àbí kí ni kò ṣe?

Ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Àjọ kan náà ló ń fi òkun yá iléeṣẹ́ epo, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ wọn sápò ìjọba, òun náà ni wọ́n tún ní kó máa yẹ iṣẹ́ wọn wò kó sì fìyà jẹ wọ́n. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún un ní Gulf kò ju bíi 60 lọ, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó.

Ní oṣù Kẹrin 2009, MMS yọ̀ǹda fún BP pé kó má ṣe ìwádìí kíkún lórí ohun tí kànga yìí lè ṣe fún àyíká. Ìwé ètò tí BP kọ sílẹ̀ fún ìgbà tí epo bá dà ní Gulf, tí MMS fọwọ́ sí, dárúkọ walrus mọ́ àwọn ẹranko tí wọ́n máa dáàbò bò. Òkun oníyìnyín ni walrus ń gbé, kò sí ọ̀kan ní Gulf. Ṣé a lè sọ pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà kà á?

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní negative pressure test. Kí rig tó kúrò lórí kànga, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì ti dí i pa. Wọ́n á dín ìwúwo ẹrẹ̀ tó tẹ kànga mọ́lẹ̀ kù, wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan ń tì sókè láti ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gééjì páìpù tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ka 1,400 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí nǹkan fi ń tì), ti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní kill line ka òdo. Inú kànga kan náà ni páìpù méjèèjì wọ̀, kò yẹ kí wọ́n yàtọ̀ síra. Wọ́n wá àlàyé kan fún un, wọ́n ní kò séwu, wọ́n sì ń fi omi òkun rọ́pò ẹrẹ̀ tó kù lọ. Bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó bú gbàmù. Nínú òfin MMS nígbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni ṣe àyẹ̀wò yìí, áńbọ̀ńtórí pé wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí nìdí tí iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn níwájú àwọn sẹ́nétọ̀?

Lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2010, BP ní Transocean ló ni blowout preventer, ẹ̀rọ tó yẹ kó pa ẹnu kànga dé tí kò pa á dé. Transocean ní BP ló ń pàṣẹ lórí kànga. Halliburton ní ohun tí BP ní kí àwọn ṣe làwọn ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìtìjú ló ń lé wọn kiri. Owó ni.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun Exxon Valdez da epo, ní kí ẹni tó da epo san gbogbo owó ìpalẹ̀mọ́, àmọ́ owó gbà-má-bínú tó máa san fáwọn tó pàdánù kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù dọ́là 75 lọ. Ààlà yẹn á wó bí àìbìkítà rẹ̀ bá burú jáì, tàbí bó bá rú òfin ààbò ìjọba àpapọ̀. Òfin omi mímọ́ ní ti tirẹ̀ ka owó ìtanràn sórí àgbá kọ̀ọ̀kan: nígbà náà, ó lè tó dọ́là 1,100 bí kò bá sí àìbìkítà tó burú jáì, ó sì lè tó 4,300 bó bá wà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jà lórí iye àgbá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àgbá 1,000 ló ń tú jáde lójúmọ́, ó di 5,000, kí àwọn onímọ̀ ìjọba tó sọ níkẹyìn pé ó tó 62,000 níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní kóòtù, BP ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.45, ìjọba ní ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Adájọ́ Carl Barbier mú mílíọ̀nù 3.19. Ẹ fi 1,100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bílíọ̀nù dọ́là 3.5, ẹ fi 4,300 ṣe é, ó di 13.7.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, Barbier ti dájọ́ pé àìbìkítà BP burú jáì, ó sì pín ẹ̀bi: BP 67 nínú ọgọ́rùn-ún, Transocean 30, Halliburton 3. Nígbà tí BP àti ìjọba parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, owó ìtanràn òfin omi di bílíọ̀nù 5.5, nínú àdéhùn tí àpapọ̀ rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 20.

Ṣé ààrẹ kò lè dá iṣẹ́ epo dúró ni?

Ó dá a dúró. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2010, ìjọba fòfin de gbígbẹ́ kànga nínú omi jíjìn fún oṣù mẹ́fà. Adájọ́ Martin Feldman wọ́gi lé e lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà. Ìjọba gbé òmíràn jáde ní oṣù Keje, wọ́n sì gbé e kúrò ní oṣù Kẹwàá. Ní Louisiana, ẹja pípa àti iṣẹ́ epo ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun, nítorí náà ẹnu kan náà táwọn olóṣèlú ibẹ̀ fi ń ṣépè fún BP ni wọ́n fi ń bẹ Obama pé kó ṣí rig. Ní Washington, Joe Barton, aṣòfin láti Texas, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà BP nítorí bílíọ̀nù 20 tí Obama ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn tó pàdánù. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Kí ló wá yí padà?

Wọ́n pín MMS sí mẹ́ta: ọ̀kan ń gbowó, ọ̀kan ń fi òkun yáni, ọ̀kan ń ṣọ́ ààbò. Òfin wá sọ negative pressure test di dandan. Ní 2016 wọ́n ní kí blowout preventer ní abẹ méjì tó lè gé páìpù. Ìjọba Trump dẹ díẹ̀ nínú òfin náà ní 2019, ti Biden dá apá kan padà ní 2023. Ààlà mílíọ̀nù 75 ńkọ́? Àwọn aṣòfin ò wó o. Ńṣe ni àjọ ìjọba ń fi kún un bí ọjà ṣe ń gbówó lórí.

Èwo ló kan àwa ní Nàìjíríà níbẹ̀?

Òfin iṣẹ́ epo wa, PIA ti 2021, fi ìṣirò owó royalty, ìyẹn owó tí iléeṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí epo tó bá fà, àti ìṣọ́ ààbò iṣẹ́ epo sọ́wọ́ àjọ kan náà, NUPRC, tó ń mójú tó wíwá àti fífa epo. NOSDRA, àjọ tó ń bójú tó epo tó bá dà, wà ní tirẹ̀ lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò àyíká. Bí epo bá dà létí òkun Ìlàjẹ tàbí ibòmíràn, iléeṣẹ́ epo, NOSDRA àti àwọn ará ìlú ló máa ń jọ lọ wo ibẹ̀, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé JIV (Joint Investigation Visit), ìyẹn ìwé àbẹ̀wò tí wọ́n jọ ṣe. Iye epo tó dà àti ohun tó fà á wà lára ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé náà. Bí àyè yẹn bá ṣófo, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.