Títọpa ìdílé tó ti wà ní Amẹ́ríkà látayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láyé ni. Ẹ kọ orúkọ ara yín, ti òbí yín, ti òbí wọn. Ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tó so ọmọ mọ́ òbí kí ẹ tó gòkè sí èyí tó kàn. Àwọn tó ń ṣìnà ni àwọn tó mú baba ńlá olókìkí kan látòkè, tí wọ́n wá ń fà á bọ̀ lọ́dọ̀ ara wọn. Orúkọ tó jọra kì í ṣe ẹ̀rí. Ètò ìkànìyàn ìjọba á gbé yín dé 1850, torí ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Láti 1790 sí 1840, olórí ilé nìkan ni wọ́n dárúkọ. Iye lásán ni wọ́n kọ fún àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Ṣáájú 1790 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìwé ogún, ìwé ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìlú ni. Ní Massachusetts, akọ̀wé ìlú ló ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Ní Virginia, ìjọ Áńgílíkà ló ń ṣe é, púpọ̀ nínú ìwé wọn sì ti ṣègbé.

Ìwé ogún ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ wo William Mullins, tó wọ ọkọ̀ òkun Mayflower láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Plymouth, ní Massachusetts, ní 1620 pẹ̀lú Alice ìyàwó rẹ̀, Joseph àti Priscilla ọmọ wọn. Ó kú ní Fẹ́búárì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka orúkọ èrò ọkọ̀ nìkan á sọ pé ọmọ méjì ló bí. Àmọ́ nígbà tó ń hágún, ó pín ogójì pọ́n-ùn: mẹ́wàá fún ìyàwó rẹ̀, mẹ́wàá fún Joseph, mẹ́wàá fún Priscilla, mẹ́wàá fún àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà gba ṣílè mẹ́wàá. Ó tún ka bàtà tó kó wá: dọ́sìnnì 21, àti bàtà bùútù 13 méjìméjì. Kò dárúkọ àwọn àgbà méjèèjì yẹn. Ìwé tí ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù fi fàṣẹ sí ogún náà ní Júláì 1621 ló pe ọmọbìnrin náà ní Sarah Blunden. Nítorí náà, ẹ má dúró sórí ìwé ìhágún. Ẹ wá gbogbo ìwé tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n ń kọ ọdún méjì, bíi 1620/21?

Ìdáhùn: Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Máàṣì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso. Torí náà, Fẹ́búárì 1620/21 jẹ́ 1620 lójú tiwọn, 1621 lójú tiwa. Tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní Mée 1700, tí ìwé ní wọ́n bímọ ní Fẹ́búárì 1700, kò gbé oyún wọlé ọkọ: Fẹ́búárì yẹn ló gbẹ̀yìn, 1701 tiwa ni. Ní 1752 kan náà ni wọ́n fo ọjọ́ 11. Ọjọ́ kejì Sẹ̀tẹ́ńbà lọ, ilẹ̀ mọ́ di ọjọ́ kẹrìnlá. Ìdí nìyẹn tí ìwé àtijọ́ fi ní ọjọ́ 11 Fẹ́búárì 1731/32 ni wọ́n bí George Washington, tí a sì ń pè é ní ọjọ́ 22 Fẹ́búárì 1732. Ẹ da ọjọ́ kọ bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ tó kọ ìtumọ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: John méjì wà nílùú kan, ọ̀kan Senior, ọ̀kan Junior. Ṣé bàbá àti ọmọ ni?

Ìdáhùn: Kò di dandan. Àgbà àti àbúrò ni wọ́n fi ń yà sọ́tọ̀, wọn ì báà má tan. Bí àgbà bá kú, Junior lè di Senior. Ilẹ̀ ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀: ta ló rà á, lọ́wọ́ ta ni, ìyàwó wo ló fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n ń tà á.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ti tẹ ìtàn ìdílé wa jáde. Ṣé ká gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ yẹ ẹ̀ wò. Gustave Anjou, tó kú ní 1942, fi ayédèrú ìtàn ìdílé pawó lọ́wọ́ àwọn olówó Amẹ́ríkà, irọ́ rẹ̀ sì ṣì ń tàn kálẹ̀. FamilySearch, ìkànnì ìtàn ìdílé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní àwòrán ojúlówó ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán náà ni kí ẹ kà.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ ẹrú ni àwọn baba ńlá ẹni ńkọ́?

Ìdáhùn: 1870 ni ìkànìyàn kọ́kọ́ dárúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, inú àkọsílẹ̀ dúkìá olówó wọn tó kú ni wọ́n wà, orúkọ kan ṣoṣo àti iye owó, láàárín màlúù àti ìkòkò. Ìdílé olówó náà lẹ máa tọpa, láti orí ogún kan dé èkejì. Ẹ má sì gbà pé orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ ní 1870 ni ti ẹni tó ni wọ́n kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló mú ti olówó àkọ́kọ́, àwọn mìíràn sì yan tiwọn.