Ta ló ní ọmọ ìkókó kì í mọ ìgbà tó fẹ́ tọ̀?

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí lọmọ oṣù mẹ́ta mọ̀? Ẹ jẹ́ n wọ pámpáàsì fún un." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ìyàwó Yorùbá ní Kúbwà àti Nyanya, l'Abùjá, nígbà tí ìyá ọkọ bá ti ilé wá wẹ ọmọ, tó jókòó lórí àpótí, tó na ẹsẹ̀, tó gbé ọmọ lé ojúgun, tó ń pe "ṣììì" kí ọmọ lè tọ̀. Wọ́n gbà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò mọ nǹkan kan nípa ìtọ̀.

Irọ́ ni. Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú: á dákẹ́ ṣíí, ojú rẹ̀ á pọ́n, á ká ẹsẹ̀ sókè. Oúnjẹ tó wọ inú ló ta ìfun jí, ìyẹn ni ìgbẹ́ ṣe sábà ń tẹ̀lé ọmú. Tó bá sì jí lójú oorun, ìtọ̀ kì í pẹ́ dé. Lọ́dún 1977, àwọn olùwádìí kọ nípa àwọn ìyá ẹ̀yà Digo ní Kẹ́ńyà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní ìtọ̀ àti ìgbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bímọ. Bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ sára mọ́, lọ́sàn-án lóru.

Níbo wá ni èrò pé kí ọmọ tó bí ọdún méjì ti wá? Lọ́dún 1962, dókítà Brazelton ní Amẹ́ríkà gba àwọn òbí níyànjú láti dúró títí di bí oṣù méjìdínlógún, kí wọ́n má fipá mú ọmọ. Ọmọ tó máa dá lọ sórí póò, tó máa bọ́ pátá fúnra rẹ̀, ló ń sọ. Kò ní ìkókó ò mọ nǹkan kan.

Àwọn màmá wa náà máa ń sọ àsọdùn o. "Ọmọ mi ti mọ póò láti oṣù mẹ́rin!" Màmá ló mọ póò. Ẹ gbé ọmọ náà fún ẹlòmíì tí kò mọ ojú rẹ̀, ilẹ̀ á tutù. Ìyá tó ń jáde ní Kúbwà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń gbé ọmọ sílé ìtọ́jú ọmọ ní Wuse, kò lè retí pé kí wọ́n máa wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kó wọ pámpáàsì lọ, kó máa gbé ọmọ sórí póò láàárọ̀ àti lópin ọ̀sẹ̀. Ìyẹn náà á dín owó pámpáàsì kù, á sì dín aṣọ tí wọ́n ń fi omi mairúwà (ẹni tó ń ta omi kiri) fọ̀ kù.

Ohun tó léwu ni ká fi ìgbátí mú ọmọ jókòó. Ọmọ tí ẹ̀rù bà á pa ìgbẹ́ mọ́ra, ìgbẹ́ náà á le, á máa dùn ún, á tún máa sá fún un sí i. Tí ara ọmọ bá ń le gbagidi, ẹ gbé e kúrò, ó dìgbà tó bá tún mu ọmú.