Ọṣẹ́ Ṣàngó lójú Rubem Valentim

Kò sí ìgbà tí mo pàtẹ àwòrán mi tí ẹnìkan ò ní bi mí pé, "Kí ni èyí jọ?" Lójú ẹni tó ń bèèrè, àwòrán tí kò bá jọ èèyàn, igi tàbí ilé, òfo ni. Rubem Valentim, ayàwòrán ọmọ Bràsíl, ni mo fi máa ń dá wọn lóhùn.

Salvador ní Bàhíà, ilẹ̀ Bràsíl, ni wọ́n ti bí i ní 1922. Iṣẹ́ dókítà eyín ló kọ́. Ó gboyè ní 1946, kò sì pẹ́ tó fi pa á tì, tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwòrán yíyà. Ní Bàhíà yìí, àtọmọdọ́mọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ṣì ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì àti Òrìṣàńlá. Candomblé ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn náà. Ohun tó wà lójúbọ wọn ni Valentim ń wò: ọṣẹ́, ìyẹn àáké olójú méjì ti Ṣàngó, ọrun àti ọfà, ọ̀pá Ọ̀sanyìn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ọṣẹ́. Ẹ mú ìwé funfun kan, kí ẹ ya igun mẹ́ta méjì sí i, kí ṣóńṣó wọn kanra, kí ìdí wọn kọjú síta. Ẹ wá fa ìlà kan wálẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá mọ Ṣàngó yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò jọ àáké tí a fi ń la igi. Àwọn agbẹ́gilére ti gé gbogbo àṣẹ̀kù kúrò lára àáké yẹn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Valentim. Òun náà rí i bẹ́ẹ̀. Kò ya àáké, kò ya ẹlẹ́gùn tó ń jó. Igun mẹ́ta yẹn ló mú, ó tò ó mọ́ òbírí àti ọfà, ó dorí òmíràn kodò, ó fi ọ̀dà tó dọ́gba, tí kò ní òjìji, kùn ún. Emblema ló pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn àmì.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ìlà àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ohun tó wà lọ́tùn-ún ló sábà máa ń wà lósì. Ẹ wá wo bó ṣe ga sókè bíi pẹpẹ. Ẹ fi àwọ̀ ṣe ìkẹyìn.

Ó gbé ní Róòmù, iṣẹ́ rẹ̀ dé àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn adúláwọ̀ ní Dákà ní 1966, ó kọ́ni ní yunifásítì Brasília. Síbẹ̀, mo ti ń ta àwòrán kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí Picasso nìkan ni wọ́n fi kọ́ wa. Ó dùn mí títí dòní.

Ní 1977, ó kó ère onígi lọ sí àfihàn ńlá São Paulo, ó pè é ní Templo de Oxalá, ilé Òrìṣàńlá. Ọkùnrin tó ti ń kun pupa àti búlúù láti ọdún yìí wá kun gbogbo ère náà ní funfun báláú. Èyí ò nílò àlàyé fún ọmọ Yorùbá.